Ìtàn Mósè Orímọládé, Baba Aládùúrà

Ní ìsàlẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti bá òkun pàdé, ni àwọn Ìlàjẹ ń gbé. Ilẹ̀ omi ni ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ni a kọ́ lé orí òpó igi. Ọkọ̀ ojú omi ni ọmọdé fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun náà ni ìyá rẹ̀ fi ń ná ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọ̀n àti ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń sùn. Bí ènìyàn bá dúró sí etí òkun, tí ó wo ọ̀tún, tí ó wo òsì, kò ní í rí òkè kan ṣoṣo. Pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ibùdó kan wà ní agbègbè náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oríòkè-Ìwàmímọ́. Àlejò tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lè ṣe kàyéfì, kí ó máa wò káàkiri bóyá òun yóò rí òkè tí wọ́n ń wí. Òkè náà kò sí lórí ilẹ̀. Inú Ìwé Mímọ́ ni ó wà, nínú orí kọkànlélọ́gbọ̀n ìwé wòlíì Jeremáyà.

Kí á tó lè mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ tí àwọn apẹja fi ń fi ọ̀rọ̀ wòlíì sọ ibùdó lórúkọ, ó yẹ kí á mọ ìtàn ọkùnrin kan tí a kò bí sí etí omi, tí kò sì fi ọjọ́ kan jókòó níwájú olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ olókè àti alápàáta ni a ti bí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá, kò ní owó, kò ní ipò lọ́dọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi ayé sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọkùnrin náà ni Mósè Orímọládé Túnọláṣẹ, ẹni tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ń pè ní Baba Aládùúrà.

Ìlú Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ni a bí Orímọládé sí, ní nǹkan bí ọdún 1879, nínú ìdílé Ọmọdárà tí í ṣe ìdílé ọba. Túnọláṣẹ ni orúkọ baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni a mọ̀ sí Abígẹ́lì. Ìgbà tí a bí i kì í ṣe ìgbà ìrọ̀rùn fún àwọn ará Àkókó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ ogun Núpé ti ń gun ẹṣin wá láti ìhà àríwá, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, tí wọ́n sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú. Orí òkè àti inú ihò àpáta ni ààbò àwọn ènìyàn nígbà náà. Ọmọ tí a bá bí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé agbára ènìyàn kò tó nǹkan, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò fi ẹ̀yìn tì.

Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní ìtàn púpọ̀ lórí bí a ti bí i. Wọ́n ń pa á nítàn pé ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú oyún, àti pé ní ọjọ́ tí a bí i gan-an ni ó fẹ́ dìde dúró. Wọ́n ní ẹ̀rù ba baba rẹ̀ tí ó jẹ́ ẹni tí ó mọ Ifá àti ọfọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ àti agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí ni pé ọmọ náà kò lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti pé nígbà tí ó rìn náà, ó ń tiro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí oko, wọ́n ń lọ sí odò, wọ́n ń jà, wọ́n sì ń ṣeré. Òun ń jókòó sí ilé. Ẹni tí ó bá jókòó sójú kan ni etí rẹ̀ ń ṣí. Kò sí àní-àní pé ní àkókò ìjókòó yìí ni ó ti kọ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ má sì bọ́ sọnù.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé Ìkàrẹ́, ọmọ náà fà mọ́ ọn. Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà ìjọ kì í gbàgbé láé. Wọ́n ní ní alẹ́ ọjọ́ kan, àlùfáà ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ́n ní ìlú náà rí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé ìsìn, ó sì ń gbọ́ orin bí ẹni pé ìjọ péjọ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó wọlé, kò bá ẹlòmíràn níbẹ̀ bí kò ṣe ọmọ arọ náà nìkan. Wọ́n tún sọ pé nígbà tí ó dàgbà, ó rí ìran kan nínú èyí tí a ti fún un ní ọ̀pá, ìrùkẹ̀rẹ̀ àti adé. Pé a sì pàṣẹ fún un kí ó fi omi ìṣàn wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bọ́ lọ́wọ́ títiro. Àwọn tí ó gba ìtàn yìí gbọ́ kò kà á sí àléébù rárá. Wọ́n a máa rán ara wọn létí pé Jákọ́bù náà tiro lẹ́yìn tí ó bá áńgẹ́lì jìjàkadì, ẹsẹ̀ títiro yẹn gan-an ni a sì fi mọ̀ pé a ti bùkún fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á dúró lé lórí díẹ̀. Báwo ni ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe di ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ débi pé àwọn tí ó mọ̀wé ń jókòó tì í láti gbọ́ àlàyé? Iṣẹ́ àwọn aṣáájú ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ó sì padà wá di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, ni olórí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 1884, nígbà tí Orímọládé wà ní ọmọdé. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ kí ènìyàn gbọ́ èdè òyìnbó kí ó tó gbọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù tàbí Àìsáyà wí. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lè kà nínú agbo ilé, gbogbo agbo ilé ni yóò gbọ́.

Èkejì ni pé àwọn Yorùbá kò fi ìwé nìkan mọ ọ̀rọ̀. Ilé tí Orímọládé ti jáde wá jẹ́ ilé tí a ti mọ Ifá. Ẹni tí ó bá mọ bí ọmọ awo ti ń kọ́ ẹsẹ Ifá mọ̀ pé etí ni ó fi ń kọ́ ọ, orí ni ó fi ń pa á mọ́, ẹnu ni ó sì fi ń sọ ọ́ jáde láì yẹ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tí ó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní í rí i bí ohun àjèjì pé kí ènìyàn gbé odindi orí kan nínú Bíbélì sórí. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu fún àwọn akọ̀wé ni pé Orímọládé a máa dárúkọ ìwé, a dárúkọ orí, a dárúkọ ẹsẹ; nígbà tí wọ́n bá sì ṣí i wò, wọn a bá a gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ọgbọ́n kò pin sí ojú kan.

Ní nǹkan bí ọdún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́, Orímọládé fi Ìkàrẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù láti ìlú dé ìlú. Ìrùn ní ilẹ̀ Àkókó wà lára àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ó rìn káàkiri: ó dé Bìní, ó dé Kàbbà àti Lọ́kọ́jà, ó gòkè dé Kánò, ó sì gba Ìlọrin bọ̀. Ẹ ronú wo bí ilẹ̀ náà ti jìnnà tó fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹni tí ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Aṣọ funfun ni ó ń wọ̀. Kì í gé irun orí rẹ̀. Kò gbé ìyàwó, kò kọ́ ilé, kò sì ń bu owó lé àdúrà. Ohun tí àwọn ènìyàn bá fi tinútinú fún un ni ó ń jẹ.

Ohun kan wà nínú ìrìn àjò rẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ oníwàásù. Kò dá ìjọ sílẹ̀ ní ibi tí ó dé. Bí àwọn ènìyàn bá kó òrìṣà àti oògùn wọn jáde, tí wọ́n sì gba Kristi gbọ́, ìjọ tí ó bá wà nítòsí ni ó ń tọ́ka wọn sí; ìbáà ṣe ti Ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ́n, ìbáà ṣe ti Mẹ́tọ́díìsì. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lọ́ irúgbìn fún oko olóko ni, kò sì bínú sí i. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ìlú, àlùfáà ni ó kó ìkórè tí Orímọládé gbìn, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọ níbẹ̀.

Bí ó ti ń kọ́ni rọrùn, ó sì bá àṣà ilẹ̀ wa mu. Kì í ṣe orí àga ìwàásù nìkan ni. Àwọn ènìyàn a máa tọ̀ ọ́ wá ní ilé tí ó bá wọ̀ sí, ní òwúrọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, pẹ̀lú ìbéèrè ọkàn wọn. Èyí ní ọmọ òun kò gbádùn. Èyí ní òun lá àlá kan. Èyí ní ọ̀rọ̀ kan nínú Bíbélì rú òun lójú. Òun a gbọ́ ẹjọ́ náà tán, a dárúkọ ibi tí a ó kà, ẹni tí ó bá mọ̀wé láàrin wọn a kà á sókè, ìjíròrò a sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Béríà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ni a yìn pé wọ́n ń wá inú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Orímọládé bá jókòó sí. Akọ̀wé ń kà, aláìmọ̀wé ń túmọ̀, ìyá arúgbó ń béèrè, kò sì sí ẹni tí a lé sẹ́yìn.

Kí á má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí ní àkókò náà. Ní ọdún 1918 ni àrùn lúkúlúkú gba gbogbo ayé kan, ó sì pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní ilẹ̀ Yorùbá. A ti ilé ìsìn pa, a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà nígbà náà, nítorí pé oògùn òyìnbó àti oògùn ìbílẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ náà. Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ ni pé ẹ̀sìn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti di ẹ̀sìn ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ náà, wọ́n a wọ aṣọ tí ó dára, wọ́n a kọ orin. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá wọlé ní ọjọ́ Ajé, tàbí bí àgàn bá ń wá ọmọ, ilé adáhunṣe ni wọ́n ń gbà lọ ní òru. Ẹsẹ̀ kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ kan wà ní ojúbọ. Ohun tí Orímọládé ń tẹnu mọ́ ni pé Ọlọ́run ọjọ́ Ìsinmi náà ni Ọlọ́run ọjọ́ Ajé, àti pé ẹni tí ó bá lè gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lè gbàdúrà ní ẹ̀bá ibùsùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

Ní oṣù keje ọdún 1924 ni ó dé Èkó. Lọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú ilé ìsìn Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ní Èbúté-Èrò ni ó kọ́kọ́ wọ̀ sí. Èkó kì í ṣe Ìrùn. Ìlú àwọn ọ̀mọ̀wé ni, ìlú àwọn agbẹjọ́rò, àwọn oníṣègùn àti àwọn àlùfáà tí ó ti kàwé dé òkè òkun. Àwọn kan gbà á láyè láti sọ̀rọ̀ nínú ìjọ wọn. Àwọn mìíràn wò ó tìfura-tìfura, wọ́n ń béèrè ibi tí ọkùnrin onírun gígùn tí kò lè kọ lẹ́tà ti gba àṣẹ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn àti àwọn tí ìdààmú bá kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n gbọ́ pé ó ń gbàdúrà, wọ́n sì ń wá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ọjọ́ náà ni àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Ara Kristi, tí wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìgboro Èkó. Láàrin àwọn tí ó lọ wòran ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Abíọ́dún sọ pé òun rí áńgẹ́lì níbẹ̀, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀ lé òun dé ilé. Kò pẹ́ tí ó fi dákú sínú ìran, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí kò mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkàn àwọn ẹbí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ nípa aládùúrà tí ó wà ní ìlú, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Orímọládé wá, ó gbàdúrà lé e lórí, ọmọbìnrin náà sì jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí ó rí.

Ìròyìn náà tàn ká Èkó bí iná inú ọyẹ́. Ojoojúmọ́ ni èrò ń wọ́ lọ sí ilé náà, àwọn kan láti wòran, àwọn kan láti gbàdúrà. Kí ariwo má bàa di ohun tí yóò kàn gbóná tí yóò sì tutù, Orímọládé kó àwọn tí ó dúró jọ sí ẹgbẹ́ àdúrà. Lẹ́yìn ààwẹ̀ àti ẹ̀bẹ̀, wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Séráfù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1925, gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọn ẹ̀dá oníyẹ̀ẹ́ mẹ́fà tí Àìsáyà rí nínú tẹ́ḿpìlì. Ní ọdún 1926 ni wọ́n fi Kérúbù kún un. Máíkẹ́lì, olórí àwọn áńgẹ́lì, ni wọ́n mú ní balógun wọn. Aṣọ funfun tí ó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo di aṣọ ogunlọ́gọ̀.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pe ara wọn, wọn kò pe ara wọn ní ìjọ. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, olúkúlùkù a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yàn, wọ́n a péjọ fún orin, fún àdúrà àti fún ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Ẹni tí ó bá lá àlá tàbí tí ó rí ìran a sọ ọ́ jáde láàrin ẹgbẹ́, a ó sì fi Bíbélì wọ̀n ọ́n kí á tó mọ ohun tí a ó ṣe. Ọ̀nà ọgbọ́n ni èyí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo àlá ni ó ti ọ̀run wá. Ẹni tí ó sùn pẹ̀lú ìbínú lè fi ìbínú lálàá. Wọ́n kọ oògùn ìṣọ́ra àti òrìṣà sílẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, Abíọ́dún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rin ìrìn àjò ìwàásù wọ àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún dúró níwájú àwọn ọba àti ìjòyè, ó ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún wọn. Ní ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìjọ àtijọ́ ni kò gba obìnrin láàyè láti ṣe àlùfáà.

Bí ẹgbẹ́ náà ti ń gbilẹ̀ ni wàhálà ń bọ̀. Àwọn olórí ìjọ kan kò fẹ́ kí ọmọ ìjọ wọn máa sin ní ibi méjì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé ìsìn tiwọn. Ṣùgbọ́n ti òde kọ́ ni ó dunni jù. Ahọ́n àti eyín tí ó ń gbé inú ẹnu kan náà ni ó ń jà. Ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú sókè láàrin wọn: ta ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀? Àwọn kan ní Orímọládé ni, nítorí pé ó ti ń wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó mọ Abíọ́dún, àti pé àdúrà rẹ̀ ni ó jí ọmọbìnrin náà. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí ìran Abíọ́dún, kò ní í sí ẹgbẹ́ rárá, nítorí náà àwọn méjèèjì ni olùdásílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 1929 àwọn méjèèjì pín ọ̀nà. Ní ọdún 1930, àwọn mìíràn tún yà kúrò lẹ́yìn Orímọládé. Àwọn tí ó kù pẹ̀lú rẹ̀ ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Mímọ́ Ayérayé ti Kérúbù àti Séráfù.

Ìbànújẹ́ gidi ni ìyapa yìí jẹ́. Ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ka àwọn ẹlòmíràn sí ìjọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wá rí i tí àwọn tirẹ̀ ń du ẹni tí yóò jẹ́ olórí. Ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ bí ẹní mowó yóò rántí pé Pọ́ọ̀lù àti Bánábà náà fi ìjà pínyà, tí olúkúlùkù sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í ṣe ìwòsàn. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé gbogbo ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹnì kan. Ohun tí ó dájú ni pé mímọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sórí rọrùn ju fífi í parí ìjà lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kò dùn, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtàn náà, a kò sì gbọdọ̀ fò ó.

Orímọládé kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ara rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀ ti rẹ̀ gidigidi. Ó yan Abraham William Ọ̀nànúgà láti máa ṣe olórí lẹ́yìn òun. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1933 ni ó kú ní Òjòkòrò, lẹ́bàá Agége, níbẹ̀ ni a sì sin ín sí. Kò fi ọmọ sílẹ̀, kò fi ilé sílẹ̀, kò sì fi ìwé kankan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ogún tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí ó kọ́ láti máa bi ara wọn léèrè ohun tí Ìwé Mímọ́ wí.

Ogún náà kò parun. Bí ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ pín sí ọ̀nà púpọ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí òmíràn kò dé. Ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ó sì fi gbòǹgbò múlẹ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀ lọ. Láàrin àwọn Kérúbù àti Séráfù etí òkun yìí ni àwọn tí ó dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀ ní ọdún 1947 ti jáde wá, àwọn tí ó fẹ́ kí ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí a ti ka á nípa àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1965, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé tí wọ́n sì lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá ìjọ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ níbẹ̀. Abíọ́dún pẹ̀lú dàgbà, ó darúgbó. Ọdún 1994 ni ó kú.

Nítorí náà, bí a bá dé etí omi Ìlàjẹ, tí a gbọ́ orúkọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ níbi tí òkè kò sí, kí á má ṣe rẹ́rìn-ín. Ènìyàn tí ó fún ibi pẹrẹsẹ ní orúkọ òkè kò ṣìnà. Ó ń sọ ohun tí ó fẹ́ kí ìgbé ayé òun jẹ́ ni. Orúkọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹrù lórí ẹni tí ń jẹ́ ẹ, nítorí ojoojúmọ́ ni yóò máa bi í léèrè bóyá ìwà rẹ̀ gòkè tó orúkọ rẹ̀.

Ìgbésí ayé Mósè Orímọládé fi yé wa pé ìwé mímọ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé mímọ̀ nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di olóye. Ó fi yé wa pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá ẹlòmíràn jíròrò lè di ìgbéraga nínú ọkàn ẹni, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gbé sí àárín agbo, tí olówó àti tálákà, akọ̀wé àti aláìmọ̀wé jọ yẹ̀ wò, a máa di oúnjẹ fún gbogbo wọn. Ó sì fi yé wa pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá jíròrò ọ̀rọ̀ àlàáfíà gbọ́dọ̀ múra láti gbé àlàáfíà pẹ̀lú ẹni tí ó bá a jíròrò. Ọkùnrin tí ń tiro náà rìn jìnnà. Ibi tí kò lè dé kù fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé láti dé.